Fílàṣì fún fọ́tò mákírò: ẹ̀yìn dúdú, àmì funfun lára ọ̀bọ̀nbọ̀n, kí ni àtúnṣe rẹ̀?

Ewé_Ilá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ fílàṣì ni mo gbé wá. Kámẹ́rà APS-C ni (èyí tí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ kéré díẹ̀ ju ti full-frame lọ), lẹ́ǹsì mákírò 100mm tó ń dé 1:1 (kòkòrò á hàn lórí sẹ́ńsọ̀ ní ìwọ̀n ara rẹ̀ gan-an), àti fílàṣì kan tó ń lo bátìrì AA mẹ́rin, tó jókòó sórí kámẹ́rà ní tààrà. Kòkòrò orí ewé ilá àti ewé ẹ̀gẹ́ ni mò ń yà: ọ̀bọ̀nbọ̀n, eèrà, aláǹtakùn kékeré tó ń fò. f/16 (ihò lẹ́ǹsì), 1/160 (ìyára ṣọ́tà), ISO 200, TTL (kámẹ́rà ló ń pinnu agbára fílàṣì fúnra rẹ̀) ni mo tò ó sí. Ohun mẹ́ta ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀yìn kòkòrò máa ń dúdú bí òru. Àmì funfun kan máa ń wà lórí ọ̀bọ̀nbọ̀n bí ìgbà tí èèyàn kán ẹfun sí i. Fọ́tò kì í sì í mú ṣáká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fókọ́ọ̀sì wà lójú kòkòrò gan-an. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àgbà_Lẹ́ǹsì:
Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí f/16 yẹn. Nọ́ńbà tí kámẹ́rà ń kọ síta kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ gan-an bí ẹ bá ti sún mọ́ kòkòrò tó báyìí. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi 1 kún ìwọ̀n títóbi (1:1 jẹ́ 1, 2:1 jẹ́ 2), kí ẹ wá fi ohun tó jẹ́ sọ nọ́ńbà f di púpọ̀. Ní 1:1, f/16 ti di f/32. Ní 2:1, f/11 pàápàá ti di f/33. Bí ihò lẹ́ǹsì bá há tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa fọ́n ká létí ihò, gbogbo fọ́tò á wá rọ̀ bí dígí tí èèyàn mí sí. Ìdí nìyẹn tí fókọ́ọ̀sì fi wà lójú, tí irun etí ojú ò sì hàn.

Fún 1:1 lórí APS-C, f/8 ni kí ẹ máa lò, f/11 ni òpin. Bí ẹ bá fi extension tube (òrùka tó ń wà láàárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì) tàbí Raynox DCR-250 (lẹ́ǹsì kékeré tó ń há mọ́ iwájú lẹ́ǹsì) kún un tí ẹ sì ti ń sún mọ́ 2:1, ẹ sọ̀ ọ́ sí f/5.6. Lóòótọ́, ibi tó mú ṣáká á dín kù: f/16 ń fún yín ní nǹkan bíi mílímítà 1.3 lórí APS-C, f/8 á fún yín ní ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n mílímítà tó mú dáadáa sàn ju méjì tó rọ̀ lọ. Ẹ yí ara padà títí ara kòkòrò á fi bá ojú kámẹ́rà dọ́gba, kí orí àti ìdí wà ní ìjìnnà kan náà.

Ẹ fiyè sí nǹkan kan tí ẹ bá ń fi nọ́ńbà yín wé ti ẹlòmíràn: kámẹ́rà Nikon pẹ̀lú lẹ́ǹsì mákírò Nikon máa ń fi nọ́ńbà tó ti yí padà yẹn hàn fúnra rẹ̀, ti Canon kì í fi hàn. f/11 ti ẹnì kan lè má jẹ́ f/11 tiyín.

Ojú_Abẹ́rẹ́:
Òótọ́ ni Àgbà_Lẹ́ǹsì sọ, ṣùgbọ́n f/16 nìkan kọ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n wà níbẹ̀, atẹ́gùn tó ń mi ewé náà wà níbẹ̀. 1/160 ò lè dá ìyẹn dúró ní 1:1. Fílàṣì ni ṣọ́tà yín nínú mákírò, nítorí iná rẹ̀ kúrú gan-an. Bí ẹ bá sì ti dín agbára rẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ ló ń kúrú sí i, torí fílàṣì kì í dín bíbọ̀n rẹ̀ kù, ńṣe ló máa ń tètè gé iná. Fún àpẹẹrẹ, iná Godox TT685 máa ń tó 1/300 ìṣẹ́jú àáyá ní agbára kíkún, ó sì máa ń kúrú dé 1/20000 ní agbára tó kéré jù. Nítorí náà, ẹ jìnnà sí agbára kíkún. Láàárín ìdá 1/4 àti 1/32 agbára náà ni ẹ ti máa rí iṣẹ́ ṣe.

Àmọ́ ó ní ohun tó ń ba èyí jẹ́: ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Ẹ dán èyí wò kí ẹ tó yà ohunkóhun. Ẹ pa fílàṣì, ẹ má fọwọ́ kan ètò yòókù, kí ẹ ya fọ́tò kan. Bí ó bá dúdú tàbí kó ku díẹ̀ kó dúdú, ẹ ti débẹ̀. Bí kòkòrò bá hàn kedere, a jẹ́ pé fọ́tò méjì ni ẹ ń yà lórí ara wọn: ti fílàṣì tó mú, àti ti oòrùn tó gbọ̀n. Ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ eèrà bí òjìji, òun náà nìyẹn.

Ẹ wo bí ó ṣe rí lóòrùn ọ̀sán gangan. Ní 1:1, pẹ̀lú ISO 200, f/8 àti 1/200, oòrùn nìkan ti tó láti ya fọ́tò yẹn tán kí fílàṣì tó dé. Ẹ sọ ISO di 100, ẹ ti ihò sí f/11, oòrùn á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Tàbí kí ẹnì kan fi agboòrùn ṣíji bo ewé náà, èyí tó dára jù lójú tèmi. Àárọ̀ kùtù, láàárín aago 6:30 sí 8, ló dára jù lọ: oòrùn ò tíì le, kòkòrò ò sì tíì yá lẹ́sẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀_Tútù:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti àmì funfun, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ra lẹ́ǹsì tuntun lásán.

Ẹ gbà pé dígí ni ẹ ń yà. Ìyẹ́ líle tó bo ẹ̀yìn ọ̀bọ̀nbọ̀n ń dán, ohunkóhun tó bá tanná sí i ló máa hàn lórí rẹ̀, tòun ti ìrísí rẹ̀. Ojú fílàṣì lásán, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 7 sí 4 lọ, tó wà lókè lọ́hùn-ún lórí kámẹ́rà, á hàn bí ẹ̀ṣẹ́ná kékeré tó ń jó. Ẹ ò lè pa á rẹ́. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ sọ ọ́ di ńlá, kí ó rọ̀, kí etí rẹ̀ máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ wọnú àwọ̀ kòkòrò náà. Iṣẹ́ tí dífúsà, ìbòrí tó ń tú iná fílàṣì ká, ń ṣe nìyẹn.

Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ wá páálí tí kò nípọn, fóìlì ìdáná, bébà tracing (bébà fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá), fóòmù funfun pẹlẹbẹ tó nípọn mílímítà 2 tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, téèpù dúdú àti rọ́bà bándì. Ẹ gé páálí kí ẹ sì ká a bí àrọ onígun mẹ́rin. Ẹnu kékeré rẹ̀ á gba orí fílàṣì ṣinṣin, ẹnu ńlá á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18 sí 14. Ẹ lẹ fóìlì mọ́ inú rẹ̀, kí ojú tó ń dán kọ sínú. Ẹ na bébà tracing sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí ojú fílàṣì. Fóòmù funfun ni kí ẹ fi bo ẹnu ńlá, ẹ má sì jẹ́ kó tẹ́jú pátápátá: ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ó rí bí àtẹ́lẹwọ́ tí èèyàn fẹ́ fi bomi, kí ikùn rẹ̀ kọ sí kòkòrò. Bó ṣe tẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yí kòkòrò ká láti iwájú dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Àlàfo tó wà láàárín bébà àti fóòmù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ẹ bá lẹ méjèèjì mọ́ra, ẹ ti fi ìmọ́lẹ̀ ṣòfò: àárín á ṣì funfun jù, etí á ṣókùnkùn. Ẹ sún zoom orí fílàṣì sí 24mm, tàbí kí ẹ fa ike pẹlẹbẹ inú rẹ̀ jáde, kí iná lè fọ́n kó tó kan bébà. Ẹ fi téèpù dúdú wé ẹ̀yìn àrọ náà kí ìmọ́lẹ̀ má baà já sójú lẹ́ǹsì. Ẹ yọ hood (ike tó ń ṣíji bo iwájú lẹ́ǹsì) kúrò, torí òjìji rẹ̀ á bọ́ sórí kòkòrò.

Lẹ́ǹsì 100mm ní 1:1 máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15 sílẹ̀ láàárín dígí iwájú àti kòkòrò. Nítorí náà, kí dífúsà nà kọjá iwájú lẹ́ǹsì tó sẹ̀ǹtímítà 8, kí ó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìdérí, kí ó ku sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 kó kan kòkòrò lórí. Gbogbo èyí á jẹ ìmọ́lẹ̀ yín tó ìlọ́po mẹ́rin. Bí 1/16 bá ń tó yín tẹ́lẹ̀, ẹ retí 1/4.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó dára: ẹ wá ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan tó ń dán, ẹ gbé e sórí ewé, kí ẹ yà á ní 1:1. Ẹ fẹ fọ́tò náà dáadáa. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn á fi dífúsà yín hàn yín bí ó ṣe rí gan-an. Bí àárín bá funfun gbòò tí etí sì rí bí eérú, ẹ lẹ bébà tracing kékeré tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 mọ́ àárín bébà àkọ́kọ́, kí ẹ tún yà á. Bí ìlà dúdú kan bá là á kọjá, ibi tí páálí ti so pọ̀ nìyẹn, fóìlì ò bò ó tán. Ẹ máa ṣe é títí àmì orí ìlẹ̀kẹ̀ á fi dọ́gba láti etí dé etí. Ohun tí ẹ bá rí lára ìlẹ̀kẹ̀ ni ẹ máa rí lára ọ̀bọ̀nbọ̀n, òun náà ni ẹ máa rí lójú aláǹtakùn.

Ọmọ_Igbó:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ pé bí èèyàn bá gbé ìmọ́lẹ̀ jìnnà ló máa ń rọ̀. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Ìmọ́lẹ̀_Tútù:
Bí ìmọ́lẹ̀ bá jìnnà, ó ń kéré lójú kòkòrò, ohun tó bá sì kéré lójú rẹ̀ ló ń le. Oòrùn tóbi ju ayé lọ, síbẹ̀ òjìji rẹ̀ mú bí abẹ, torí ó jìnnà. Dífúsà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 18, bó bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 5, ó bo ojú ọ̀run eèrà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ gbé e dé sẹ̀ǹtímítà 40, ó ti di fèrèsé kékeré. Ẹ sún un mọ́.

Ewé_Ilá:
Ó yé mi. Ṣé sísún un mọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn túbọ̀ dúdú?

Àgbà_Lẹ́ǹsì:
Yóò dúdú sí i, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí dífúsà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí kòkòrò, ewé tó fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí i lẹ́yìn á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà. Èyí tó fi 15 jìnnà á gba ìdá kan nínú 16, ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Kò sí ètò kámẹ́rà tó máa yí èyí padà tí fílàṣì bá dá iṣẹ́ ṣe.

Nítorí náà, ibi tí ẹ dúró sí ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ wá kòkòrò tó wà lórí ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí ewé náà fúnra rẹ̀ di ẹ̀yìn. Tó bá wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka, ẹ já ewé tútù kan tàbí ewé gbígbẹ aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ fi clip dì í mú ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní hàn bí ewé, àwọ̀ lásán tó rọ̀ ni yóò jẹ́. Ẹ má fi bébà aláwọ̀ títàn ṣe é o, ojú ti ń mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ bá yín tan ẹ̀yìn. ISO 800, 1/60, lábẹ́ òjìji igi, fún kòkòrò tó ń sùn tàbí tí kò rìn rárá. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ẹ dúró. Ẹ ti rí ìdí tí Ojú_Abẹ́rẹ́ fi kìlọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ̀yìn dúdú náà ní ibi tó ti yẹ, ẹ má sá fún un pátápátá: ó máa ń gbé ìyẹ́ lámilámi yọ dáadáa. Àwọn kòkòrò dúdú ni kò bá a mu, ẹsẹ̀ wọn á wọnú òkùnkùn.

Ewé_Ilá:
Mo ti yí i sí f/8, 1/200, mánúà. Ṣùgbọ́n ojú wíwò kámẹ́rà ti ṣókùnkùn, n ò rí kòkòrò mọ́ láti fi gbé fókọ́ọ̀sì sí i. Mo sì dán 1/500 wò, ìdajì fọ́tò dúdú.

Ojú_Abẹ́rẹ́:
Kámẹ́rà tí kò ní dígí inú ni tiyín nìyẹn, ó ń fi bí fọ́tò ṣe máa rí láìsí fílàṣì hàn yín. Ẹ pa ètò yẹn. Lórí Canon, Exposure simulation ni orúkọ rẹ̀. Lórí Sony, ẹ wá Live View Display kí ẹ sọ ọ́ di Setting Effect OFF. Ojú á là lójú ẹsẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣì ṣókùnkùn, ẹ fi rọ́bà bándì so tọ́ọ̀ṣì LED kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ dífúsà. Iná rẹ̀ kéré ju kó ba fọ́tò jẹ́ lọ.

Ti 1/500: ṣọ́tà ní aṣọ méjì. Tó bá yára ju 1/200 tàbí 1/250 lọ, aṣọ kejì á ti máa bọ̀ kí aṣọ kìíní tó kọjá tán, kò sí ìgbà kankan tí ojú kámẹ́rà là pátápátá. Apá tí aṣọ bò ni fílàṣì ò kàn. Ẹ má lọ tan HSS (ètò tó ń jẹ́ kí fílàṣì bá ṣọ́tà tó yára ṣiṣẹ́) láti fi yanjú rẹ̀. HSS máa ń ṣẹ́ iná náà sí wẹ́wẹ́, agbára á lọ sílẹ̀ gan-an, kíkúrú iná tó ń dá kòkòrò dúró á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bákan náà, ètò Silent (ṣọ́tà tí kì í dún) kì í jẹ́ kí fílàṣì tàn lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Bí fílàṣì bá kọ̀ láìnídìí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bátìrì_Mẹ́rin:
Kò tíì sí ẹni tó dáhùn lórí TTL tí Ewé_Ilá ń lò. Ẹ pa á. TTL máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bí eérú. Bí ọ̀bọ̀nbọ̀n dúdú bá gba gbogbo ojú fọ́tò, ó máa tú iná dà sí i jù. Bí òdòdó funfun bá gbà á, iná á kéré. Ní 1:1, ìjìnnà yín sí kòkòrò kì í yí padà, nítorí náà agbára tó tọ́ lónìí á tọ́ lọ́la. Pẹ̀lú dífúsà òkè yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/8, f/8, ISO 200. Tí ó bá dúdú, ẹ gbé ISO sókè kí ẹ tó gbé agbára sókè, kí iná lè máa kúrú.

Bátìrì: NiMH (èyí tí a lè gba agbára sí padà), irú Eneloop, kì í ṣe alkaline. Alkaline ò lè tú iná jáde kíákíá, fílàṣì á máa pẹ́ kó tó gba agbára padà, kòkòrò á ti lọ. Ẹ fi kálámù kọ nọ́ńbà sára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n máa wọlé pọ̀, kí wọ́n máa jáde pọ̀. Ẹyọ kan tó ti gbó á fa mẹ́ta yòókù sẹ́yìn.

Ojú_Abẹ́rẹ́:
Mo gbà pẹ̀lú yín lórí bátìrì, ṣùgbọ́n TTL ní ibi tó ti wúlò. Bí ẹ bá ń lé lámilámi kiri, tí títóbi ń yí láti 1:4 sí 1:1 láàárín ìṣẹ́jú kan, àkókò ò ní sí láti yí nọ́ńbà. TTL pẹ̀lú −2/3 (kí iná dín díẹ̀) á gbà yín níbẹ̀. Fún kòkòrò tó jókòó, mánúà.

Ọmọ_Igbó:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, fóònù àti lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọn ló wà lọ́wọ́ tèmi. Ṣé àwọn nǹkan yìí kàn mí?

Ìmọ́lẹ̀_Tútù:
Ọ̀rọ̀ dífúsà kàn yín pátápátá. Ọ̀rọ̀ dídá kòkòrò dúró ò kàn yín, torí LED ni iná fóònù, kì í kọ mànà bíi fílàṣì kámẹ́rà. Ẹ má lo iná fóònù fúnra rẹ̀, ó sún mọ́ lẹ́ǹsì jù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì LED, ẹ fi fóòmù funfun bò ó, kí ẹ gbé e sókè kòkòrò láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé ìgúnpá lé nǹkan tó dúró.

Ewé_Ilá:
Ìbéèrè méjì tó kù. Ṣé ring flash (fílàṣì tó yí ẹnu lẹ́ǹsì ká bí òrùka) dára? Ẹnì kan sì fẹ́ ta fílàṣì àtijọ́ kan fún mi ní owó pọ́ọ́kú, ṣé kí n rà á?

Bátìrì_Mẹ́rin:
Ring flash: iwájú tààrà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá, kò sí òjìji, kòkòrò á tẹ́ pẹrẹsẹ, òrùka funfun á sì hàn nínú gbogbo ojú. Ó dára fún eyín àti owó ẹyọ. Bí ẹ bá fẹ́ náwó, fílàṣì olórí méjì bíi Canon MT-26EX-RT, tàbí Godox MF12 méjì, dára jù, àwọn náà sì nílò dífúsà.

Ti àtijọ́: ẹ má tíì gbé e sórí kámẹ́rà. Àwọn fílàṣì ayé àtijọ́ kan, Vivitar 283 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wà lára wọn, máa ń gbé iná tó ju 200 volt lọ sí ẹsẹ̀ ibi tó ti ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀, èyí sì lè jó kámẹ́rà òde òní. Ẹ fi bátìrì tuntun sí i, ẹ tàn án, ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ kún. Ẹ to multimeter (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná) sí DC, ẹ fi wáyà pupa kan irin àárín nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi dúdú kan irin ẹ̀gbẹ́. Bó bá ju 6 volt lọ, ẹ ka ìwé kámẹ́rà yín kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, torí iye tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan lè gbà yàtọ̀ síra. Bó bá ga, ẹ fi tíriga aláìlókùn tó lè gba irú iná bẹ́ẹ̀ sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, tàbí kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Kí ẹ má sì tú u láti fi wo inú rẹ̀ rárá. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń di nǹkan bíi 300 volt mú, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ bátìrì.